Orúkọ Àwọn Tó Wọ Ọkọ̀

Ọkọ̀ bàbá mi ní orúkọ. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: OLÚWA LÓ Ń TUKỌ̀. Kò sí ọkọ̀ kan ní èbúté wa ní Òde Mahin tí kò ní tirẹ̀. Àwọn kan kọ àdúrà, àwọn kan kọ orúkọ ìyá wọn. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa kọ Arsenal sí ara tirẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdí nìyẹn tí àwọ̀n rẹ̀ fi ń wálé lófo. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ tí kò bá tíì lórúkọ, pákó lásán ni. Ohun tí n kò ronú kàn rí ni pé àwọn tó wọ inú ọkọ̀ náà lórúkọ, àti pé a kì í kọ tiwọn sí ibì kankan.

Ọkọ̀ òfurufú kan tí wọ́n fi ja Ogun Àgbáyé Kejì ló jẹ́ kí n ro ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí Mahin. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Hull, ìlú èbúté kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún tó kọjá, òun àti àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ sí ní Elvington, nítòsí ìlú York. Ó fi àwòrán ọkọ̀ dúdú ńlá kan ránṣẹ́ sí fóònù bàbá mi. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní. Láti orí ìyẹ́ kan dé orí ìkejì tó mítà 30. Bàbá mi wò ó títí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin! Ta ló ń ra epo rẹ̀?”

Halifax ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà. Ilé iṣẹ́ Handley Page ló ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó gbé bọ́ǹbù lọ sórí ilẹ̀ ọ̀tá lóru, kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó mọ́. October ọdún 1939 ló kọ́kọ́ fò, nígbà tí ogun kò tíì pé oṣù méjì. Kí wọ́n tó dá a dúró, wọ́n ti ṣe 6,176. Ẹ ó rò pé wọ́n á tọ́jú púpọ̀ nínú wọn. Rárá o. Ogun parí tán, wọ́n fọ́ wọn tà bí irin, bí àwọn tó ń ra irin àlòkù ṣe máa ń wá ra ẹ́ńjìnnì tó ti kú lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan wà tí wọ́n sọ ní Friday the 13th. Orúkọ tí kò dára ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún un, láti fi ibi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà 128 ló jáde lọ jà tó sì padà. Òun náà, wọ́n fọ́ ọ. Èyí tí àǹtí mi rí, àwọn èèyàn kan ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kó o jọ láti ara àwọn àfọ́kù, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ti àkọ́kọ́ jẹ́. Apá kan lára rẹ̀ ti di ilé adìyẹ tẹ́lẹ̀ ní erékùṣù kan ní Scotland. Ilé adìyẹ! Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́.

Nígbà tí àǹtí mi tún pè, ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi. Ó ní, “Ìwọ tó o fẹ́ràn ìtàn, ṣé o mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kan wà nínú irú ọkọ̀ yẹn nígbà ogun? Kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti máa ń gbéra. Wá orúkọ rẹ̀: Akin Shenbanjo.”

Mo wá a. Orúkọ tí gbogbo ilé wa lè pè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa ni, ó sì wà láàárín àwọn orúkọ tó ń lọ́ mi ní ahọ́n. Ẹ̀ka 76 nínú àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí wọ́n ń pè ní RAF, ni Shenbanjo wà. Láti June ọdún 1943 títí ogun fi parí, abúlé kan tó ń jẹ́ Holme-on-Spalding Moor ni ibùdó wọn. Oríṣiríṣi èèyàn ló wà níbẹ̀; àwọn ọmọ Norway, tí Jámánì ti gba ilẹ̀ wọn, pọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ rédíò ni Shenbanjo ń ṣe nínú ọkọ̀ Halifax, ó sì tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń yin ìbọn inú rẹ̀. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Distinguished Flying Cross, tí wọ́n máa ń fún ọ̀gá ológun tó bá fi ìgboyà hàn lójú òfurufú. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọkọ̀ wọn lórúkọ. Wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ gàdàgbà: Achtung! The Black Prince.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Jámánì ni Achtung. Òun ni wọ́n fi ń sọ pé “Ẹ ṣọ́ra!” Ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ ni pé: Ẹ ṣọ́ra! Ọmọ Ọba Dúdú ń bọ̀. Èdè ọ̀tá ni wọ́n fi kìlọ̀ fún ọ̀tá.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Èwo ni dúdú? Àwọn mẹ́fà yòókù, ṣé ẹnikẹ́ni fi àwọ̀ ara wọn sọ ọkọ̀ lórúkọ? Mo ti kà á pé títí ogun fi bẹ́ sílẹ̀, òfin àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kì í bá ṣe òyìnbó kò lè di ọ̀gá láàárín wọn. Ní October ọdún 1939, oṣù tí Halifax kọ́kọ́ fò, ni wọ́n gbé òfin náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ogun. Mo wá ń rò ó bóyá wọ́n yin Shenbanjo ni àbí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo bi bàbá mi, ẹni tí kò ka ìwé ìtàn kankan rí. Ó ń tún àwọ̀n ṣe lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

Ó ní, “Ọkọ̀ yẹn, àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ náà ń wọ̀ ọ́ àbí wọn kì í wọ̀ ọ́?”

Mo ní wọ́n ń wọ̀ ọ́.

Ó ní, “Ẹni tó bá kórìíra rẹ kò ní kọ orúkọ rẹ sí ara ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ máa kú sí.”

Mo ṣì ń ro ìdáhùn yẹn. N kò gbà pé ó parí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó sàn jù ú lọ.

Èèyàn méje ló máa ń wọ Halifax: awakọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì àti epo, ẹni tó ń wo máàpù, ẹni tó ń ju bọ́ǹbù, ẹni tó ń ṣe rédíò, àti àwọn méjì tó di ìbọn mú, ọ̀kan ní òkè, ọ̀kan ní ìdí pátápátá. Èèyàn márùn-ún ló ń wọ ọkọ̀ bàbá mi. Bí mo ṣe ń kà á, mo ń fi àwọn tiwa wé tiwọn. Ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì wà. Ẹni tó dúró níwájú tó ń wo omi wà. Àwọn tó ń da àwọ̀n wà. Ọmọdékùnrin tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀, mo fi wé ẹni tó wà ní ìdí Halifax pẹ̀lú ìbọn, tó dá jókòó sínú òtútù, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí àfi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí n kò rí lára tiwa ni ẹni tó ń ṣe rédíò.

Abẹ́ ibi tí awakọ̀ wà gan-an ni ẹni yẹn máa ń jókòó sí nínú Halifax, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń ké tí-tí-tá ní etí rẹ̀. Mọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe èdè náà: ìró kúkúrú àti ìró gígùn ló dúró fún álífábẹ́ẹ̀tì. Kò gbọ́dọ̀ máa fi ránṣẹ́ bó ṣe wù ú, nítorí ọ̀tá lè gbọ́ ọ kí wọ́n sì mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ jù lọ. Láti ilé ni wọ́n ti máa ń pè é ní àkókò tí wọ́n ti dá, kò sì gbọ́dọ̀ sùn, kò gbọ́dọ̀ ṣì í gbọ́. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ já sínú òkun, òun ló máa ké sí ilé pé ibi báyìí la wà. Mo rò pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí àwọn mẹ́fà yòókù fọkàn tán.

Ó yẹ kí wọ́n fọkàn tán an, nítorí ikú wà nínú iṣẹ́ náà. Ìgbà 30 ni ènìyàn máa ń lọ sójú ogun kí wọ́n tó ní kí ó sinmi. Nínú nǹkan bí 125,000 tó wọ ọkọ̀ abọ́ǹbù wọ̀nyẹn lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, 55,573 ló kú. Olùkọ́ ìṣirò wa máa ń ní kí a má kàn da nọ́ńbà sílẹ̀ lásán, nítorí náà mo ṣe é: nínú ènìyàn 100, 44 ló kú. Ní kíláàsì wa, àwa 38 ni. Mo wo yàrá náà yíká, mo sì dẹ́kun ìṣirò.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ẹyẹlé. Láàárín ọdún díẹ̀ nínú ogun náà, wọ́n máa ń gbé ẹyẹlé sínú ọkọ̀ abọ́ǹbù, kí ó lè gbé ìròyìn délé tí rédíò bá kú. Ní February ọdún 1942, ọkọ̀ Beaufort kan tó ń bọ̀ láti Norway já sínú òkun. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ ń léfòó lórí omi tútù, rédíò kò sì sọ ibi tí wọ́n wà dáadáa. Ẹyẹlé wọn bọ́, ara rẹ̀ kún fún epo ọkọ̀, ó fò ju 150 kìlómítà lọ dé ilé olówó rẹ̀ ní Scotland. Winkie ni orúkọ rẹ̀. Kò gbé ìwé kankan dání. Ohun tó gba àwọn ọkùnrin náà là ni pé wọ́n mọ àkókò tí ọkọ̀ já, wọ́n mọ àkókò tí ẹyẹlé dé, wọ́n fi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ kún un, wọ́n sì ṣírò ibi tí wọn yóò wá wọn dé. Wọ́n rí gbogbo wọn láàyè. Àkókò tí wọ́n mọ̀ ló ṣe é.

Ibí ni ọ̀rọ̀ Halifax ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìtàn lójú mi. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní RAF ní ìwé kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ. Ní gbogbo òru tí ọkọ̀ bá jáde, wọ́n á kọ nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ ènìyàn méjèèje àti iṣẹ́ kálukú, àkókò tí wọ́n gbéra, ibi tí wọ́n ń lọ, àkókò tí wọ́n balẹ̀. Tí wọn kò bá balẹ̀, wọ́n á kọ ìyẹn náà. Àwọn ìwé wọ̀nyí ṣì wà ní ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Irin ọkọ̀ ti lọ, ilé adìyẹ ti lọ, orúkọ wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èbúté wa.

Ní August ọdún méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá mi kan gbéra lóru, ó gba ojú odò lọ sí òkun. Kò padà. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ará etíkun rí pákó rẹ̀ díẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo kan. Wọ́n rí òkú ènìyàn méjì. A sunkún, a sin wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà jókòó láti ka iye àwọn tó ń bẹ nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kò wọ̀. Àwọn kan ní mẹ́rin ni wọ́n, àwọn kan ní márùn-ún. Ẹni tí wọ́n ń jà lé lórí ni ọmọkùnrin kan tó wá láti apá Àgbádárìgì wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Ọmọ Ẹ̀gùn ni gbogbo wa ń pè é. Ó máa ń bá mi gbé bẹ́líìtì omi láti ẹ̀rọ. Ó máa ń fọn fèrè. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni ní èbúté tó mọ orúkọ rẹ̀, àfi olówó ọkọ̀, olówó ọkọ̀ sì wà nínú omi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ dé. Ẹnì kan ló ti gbé ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó mú àwòrán ọmọ náà dání, nínú ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé. Ó ń béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn: ṣé ọmọ òun wọ ọkọ̀ náà lóru ọjọ́ yẹn àbí kò wọ̀ ọ́? Ìyá kan ní òun rí i tó ń ru epo lọ sí ọkọ̀. Ọkùnrin kan ní rárá, òun rí i ní Igbókọ̀dá lọ́jọ́ kejì, ó ti bá ọkọ̀ mìíràn lọ. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Wọn kò kàn rántí ọjọ́ ni. Màmá àgbà mi fún obìnrin náà ní yàrá. Ọjọ́ márùn-ún ló fi jókòó sí èbúté láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ó padà lọ láìmọ̀ bóyá kí òun sunkún ni tàbí kí òun máa retí.

Ó sọ orúkọ ọmọ náà fún wa. N kò kọ ọ́ síbí nítorí ìyá rẹ̀ ló ni ín, n kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ìwé RAF yẹn, obìnrin náà ló wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe ogun. Mo wá àwọn mìíràn lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó wọ ọkọ̀ nígbà náà. Bankole Vivour wà nínú ẹ̀ka 156. Òru 30 sí òwúrọ̀ 31 March ọdún 1944, ọkọ̀ 795 gbéra lọ sí ìlú Nuremberg, 95 kò padà. Vivour wà lára àwọn tó kú. Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí RAF sọ di ọ̀gá láàárín àwọn awakọ̀ wọn. Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ilé ẹjọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ̀ já pẹ̀lú Thomas ní Wales ní January ọdún 1945. Johnny Smythe, ọmọ Freetown, ló ń wo máàpù nínú ọkọ̀ Stirling tí wọ́n yìn nílẹ̀ ní November ọdún 1943. Ó bẹ́ jáde, ó fara pa mọ́ sínú abà, àwọn ará Jámánì mú un, ó sì wà ní ẹ̀wọ̀n títí di ọdún 1945. Ó padà di agbẹjọ́rò pàtàkì ní Sierra Leone. Ọ̀kan kú lójú ogun, ọ̀kan kú nínú jàǹbá, ọ̀kan yè. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní láti rìn kiri èbúté pẹ̀lú àwòrán. Ẹnì kan mọ ọkọ̀ tó wọ̀, ó mọ òru tó wọ̀ ọ́, ó kọ ọ́.

N kò sọ èyí láti yin òyìnbó. Màmá àgbà mi kò ní gbà. Ó ti lé ní ọdún 85, ó sì rántí ogun Hítílà díẹ̀díẹ̀: ó ní àwọn ọmọdé ń fọ́ èkùrọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí ìjọba ń béèrè fún un ṣáá, pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jagun ló ń lọ. Mo bi í bóyá wọ́n kọ orúkọ àwọn tó fọ́ ọ. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní, “Wọ́n wọn èkùrọ́. Wọn ò wọn èèyàn.”

Òun náà ló béèrè ohun tí n kò tíì béèrè. Mo ti ka gbogbo ìtàn Ọmọ Ọba Dúdú fún un, inú rẹ̀ dùn, ó ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Bọ́ǹbù yẹn, orí ta ló ń já lé?”

Mo sọ fún un nípa ìlú Hamburg. Ní July ọdún 1943 àwọn ọkọ̀ abọ́ǹbù, Halifax wà lára wọn, dá iná sun ún láàárín òru mélòó kan. Àwọn tó kú ju 30,000 lọ, àwọn ìyá àti ọmọdé pọ̀ níbẹ̀. Lóòótọ́, Jámánì ló kọ́kọ́ sun Warsaw àti Rotterdam, Hítílà sì ń pa odindi ẹ̀yà run. Bí wọn kò bá dá a dúró, n kò mọ ibi tí ayé ì bá wà. Ṣùgbọ́n Hamburg kì í ṣe ìlú àjèjì sí Mahin. Ní January ọdún 1885, oníṣòwò kan láti Hamburg, G. L. Gaiser, bá Amapetu ti Mahin ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etíkun wa, Jámánì sì fẹ́ fi ṣe tiwọn kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún kan náà. Díẹ̀ báyìí ló kù kí Achtung jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ fi ń kígbe mọ́ wa ní kíláàsì. Díẹ̀ báyìí ló kù kí àwọn bàbá ńlá wa wà ní òdìkejì, kí àwọn ọkọ̀ yẹn máa bọ̀ wá bá wa. Màmá àgbà gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Ó ní, “Àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà lórúkọ.” Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ gbé iná àdìrò sókè, ọbẹ̀ ń jóná.

Mo ra ìwé kíkà kan tó ní páálí líle, ₦700 ni mo rà á. Mo fa ilà sí i bí ti RAF: ọjọ́, orúkọ ọkọ̀, orúkọ àwọn tó wọ̀ ọ́ àti iṣẹ́ kálukú, àkókò tí wọ́n gbéra, apá ibi tí wọ́n ń lọ, àkókò tí wọ́n dé. Ojú ewé àkọ́kọ́, mo kọ orúkọ kan ṣoṣo sí i, ti ọmọ ìyá tó jókòó sí èbúté, mo sì fi ibi àkókò sílẹ̀ lófìfo.

Mo rò pé wọ́n á yìn mí. Nígbà tí mo gbé ìwé náà lọ sí èbúté ní ìdájí, ẹni tó ń darí ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ bàbá mi bínú sí mi. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ fi orúkọ wa ránṣẹ́ sí ikú ni? Ìgbà wo ni wọ́n ń kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ kó tó jáde nílé?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó ń lọ sí òkun, a kì í bi í ní àkókò tó máa dé. A kì í sọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ wa ló wà. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Ó wọ ọkọ̀. Ìgbà tí wọ́n ti tú okùn ló yíjú sí mi, ó ní, “Kọ tèmi.” Mo kọ ọ́: aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Fún nǹkan bí oṣù kan, orúkọ bàbá mi nìkan ló ń wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú “àti àwọn mẹ́rin” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń tì mí lójú bí mo bá kọ ọ́, nítorí “àti àwọn mẹ́rin” gan-an ni a fi pàdánù ọmọ yẹn. Nígbà tó yá, ọmọ tó ń gbọ́n omi sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, nítorí pé ó fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Àwọn tó ń da àwọ̀n tẹ̀ lé e. Ìyàwó ọkùnrin tó ni ọkọ̀ Arsenal náà wá bá mi nílé, ó ní kí n máa kọ tọkọ òun, kí n má sì sọ fún un.

Ní November, ọkọ̀ bàbá mi pẹ́. Wọ́n yẹ kí wọ́n ti dé ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Àwọn èèyàn péjọ sí èbúté. Àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ni wọ́n jọ lọ, ọ̀nà ibo ni wọ́n gbà. Kò sí ẹni tó jiyàn. Wọ́n wo ọ̀dọ̀ mi, mo sì ka ìwé náà sókè lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì: àkókò, apá Ayétòrò, orúkọ mẹ́rin. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n ti ń da epo sínú ọkọ̀ tó máa lọ wá wọn nígbà tí a gbọ́ ẹ́ńjìnnì lókèèrè. Omi ló wọ epo wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi bọ́ sílẹ̀, ebi ń pa á, ó ń bínú sí ẹni tó ta epo.

Ẹni tó ń darí ẹ́ńjìnnì ló sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn. Ó dúró níwájú mi, ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà. Ó wo ojú ewé ọjọ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ìka tọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dá a padà fún mi.

Ó ní, “Orúkọ mẹ́ta ni mò ń jẹ́ o. Kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

Mo kọ wọ́n. Lẹ́yìn náà mo kọ àkókò tí wọ́n dé: aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún.